Ìpéǹpéjú Ìsàlẹ̀

“Má ṣẹ́jú,” ni Maame Esuon wí. “Mo ní o má ṣẹ́jú! Báwo ló ṣe máa lẹ̀ tí ojú ẹ ò bá dúró sójú kan?”

“Èmi kọ́ ni mò ń ṣe é, Màmá. Òun ló ń ṣe ara ẹ̀.”

Ekua gbé ojú sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi itọ́ ra ègé ewé ẹ̀kọ dòkónò kan tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ojú òsì rẹ̀. Ewé náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pì-pì-pì, ó dúró, ó tún gbọ̀n, ó sì já bọ́ sínú agbada ẹja tó wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Maame Esuon wo ewé náà, kò mú un. “Ọjọ́ mélòó nìyí?”

“Láti Sátidé.”

“Ìsàlẹ̀ náà sì ni látìgbà yẹn. Ì bá tiẹ̀ jẹ́ ti òkè.”

Kò sí ọmọdé kan ní Moree, ìlú apẹja wa, tí kò mọ ohun tí ìyá yìí ń sọ. Bí ìpéǹpéjú òkè bá ń fò, o máa rí ẹni tí o kò rí tipẹ́. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ń fò, omijé ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ yìí náà fò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kwesi, àbúrò ọkọ Ekua, bọ́ sínú òkun. Maame Esuon ló bí Kwesi. Àwọn obìnrin méjèèjì ń rò ó, kò sì sí èyí tó dárúkọ rẹ̀ nínú wọn.

Túsìdé ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí a máa ń fi sílẹ̀ fún òkun, tí apẹja kankan kì í tẹ ọkọ̀ sómi. Àwọn ọkùnrin wà létíkun, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n ń purọ́ fún ara wọn. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, Kobina ọkọ rẹ̀ yóò kó ọkùnrin mẹ́jọ, wọn yóò sì lọ. Ohun tó ń ba Ekua lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Baaba tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ó ní kó gbé ìpéǹpéjú sókè, kó di ojú pinpin, kó ṣí eyín. Ekua ṣí eyín bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà.

“Ó ń dùn ọ́?”

“Kò dùn mí. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé kòkòrò kan há sábẹ́ awọ ibẹ̀, tó ń wá ọ̀nà jáde.”

“Ojú ẹ sì pọ́n.”

“Ìyẹn ti èéfín ni. Mi ò torí èéfín wá.”

“Wákàtí mélòó lo sùn lánàá?”

Ekua ronú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹja ṣáwá ti ń wọlé, ẹja tútù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ààrò ẹja yíyan mẹ́rin ló ń dáná sí, òun nìkan ló ń yí asẹ́ orí wọn. “Méjì,” ó ní. “Bóyá méjì.”

“Kí lo fi ń lé oorun?”

“Kọfí.”

“Ife mélòó lóòjọ́?”

“Mi ò fi ife mu ún, Nọ́ọ̀sì. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mò ń pò ó sí.”

Nọ́ọ̀sì Baaba bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú. “Kẹ́ẹ̀gì! Ìyá Mansa, o fẹ́ fi ṣe epo ẹ́ńjìnnì ni? Gbọ́, iṣan ojú ẹ ló ti rẹ̀. Àìsùn àti kọfí ló ń mú un fò. Lọ sùn, kí o sì da ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn nù. Tó bá wá ń dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń fa ẹnu ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, padà wá bá mi, mo máa kọ̀wé fún ọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Cape Coast.”

“Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bó ṣe fò nìyí. Kwesi sì kú.”

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìgbà mélòó ló ti fò rí tí ẹnì kankan ò kú?”

Ekua ò mọ̀. Ta ni í ka irú ìyẹn? Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni obìnrin náà sọ. Àmọ́ ojú náà ń fò ní gbogbo ọ̀nà tó gbà padà sílé, ìgbà tó sì dé ẹnu ọ̀nà, kò rántí ohun kan nínú ohun tí wọ́n sọ fún un bí kò ṣe pé kó má mu kọfí.

Kobina wà ní àgbàlá, ó ń fi omi odò fọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ni àwọn apẹja wa ń gbé ẹ́ńjìnnì sùn, nítorí olè. Tirẹ̀ ní ìdúró pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe ń tọ́jú eyín ara rẹ̀ lọ.

“Bàbá Mansa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lọ́la.”

“Ojú yẹn náà ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bóyá ìyàwó kejì ni mò ń mú bọ̀. Ìyẹn náà á pa ọ́ lẹ́kún.”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Mo mọ̀.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Àmọ́ wò ó, Ekua. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń retí mi. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ká jókòó sílé nígbà tí ṣáwá wà lójú omi, torí pé ìpéǹpéjú ìyàwó mi ń jó? Wọ́n á fi mí kọrin títí dé Sekondi.”

“Kí wọ́n kọrin. Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń fi kọrin.”

Ó gbé bàkẹ́ẹ̀tì omi rẹ̀, ó lọ wẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ẹ má bi mí bí obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹja yíyan ṣe mọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń bá ọkọ rẹ̀ di iná mú tó bá ń tún un ṣe. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ ìdúró pákó náà, Kobina kì í da púlọ́ọ̀gì tó ti jó nù, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Ekua mú sípánà. Ó tú púlọ́ọ̀gì tuntun kan jáde, ó ti èyí tó dúdú jù nínú agolo sípò rẹ̀, ó dè é pa. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èrò rẹ̀ ni pé láàárọ̀, wọn yóò fà á, fà á, létí omi, kò ní í dáhùn, wọn yóò bú u, oòrùn yóò yọ, wọn yóò sì padà sílé. Ọjọ́ kan péré ló ń tọrọ. Ó so púlọ́ọ̀gì tuntun náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé.

Ní ìdájí, ó wà nídìí ààrò nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń fa ẹ́ńjìnnì náà. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnìkan bú u. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì gbiná.

Ekua dìde. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sétí omi, bó bá pariwo, wọ́n lè gbọ́. Ó la ẹnu. Gbogbo obìnrin àdúgbò tó wà nídìí ààrò wọn ni yóò bi í pé kí ló ṣe, kí ló fi ṣe é, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ náà yóò sì mọ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà yóò kú kí wọ́n tó kọjá àpáta tó wà lójú omi, pé wọn yóò fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ padà. Ó dúró síbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, títí ohùn rẹ̀ fi kéré, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Asẹ́ ẹja méjì jóná lójú rẹ̀.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní agogo mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa di agogo méjì, gbogbo ọkọ̀ ti wà lórí iyanrìn àyàfi ti Kobina. Ekua pè é lórí fóònù, kò wọlé, bẹ́ẹ̀ kì í wọlé tí wọ́n bá jìnnà. Fífò náà ti kúrò ní ìpéǹpéjú nìkan, ó ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fa igun ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀ọ́kán yóò rò pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹlòmíràn tó ń bẹ̀rù. Àwọn ìyàwó atukọ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń jẹ̀pà.

“Elmina ni wọ́n lọ tà á sí,” ni ìyàwó Ato, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà, wí. “Owó ibẹ̀ dáa ju tibí lọ. Tí Ato bá dé tí kò mú bàtà mi bọ̀, ẹ bá mi tọ́jú pósí ẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Amoasi, olórí apẹja, tó ń ta ayò nítòsí wọn, mi orí. “Epo ọjọ́ méjì ni mo fún Kobina. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa. Ẹ jẹ́ ká máa retí wọn lọ́la.”

Ọ̀nà Elmina, níwọ̀-oòrùn, ni gbogbo wọn ń wò. Ekua sì mọ̀, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, pé omi inú oṣù yìí ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, pé ọkọ̀ tí kò bá ní agbára mọ́, ibẹ̀ ni yóò gbé e lọ, yóò máa gbé e jìnnà sí ilẹ̀ ni. Bí òun bá dákẹ́ di ọ̀la, kò sí ẹni tí yóò wá wọn níbi tí wọ́n wà. Ó dìde.

“Bàbá, wọn ò lọ sí Elmina.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ́ńjìnnì wọn ti kú. Èmi ni mo bà á jẹ́.” Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi púlọ́ọ̀gì náà lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà. “Mo fi èyí tó ti jó sípò ẹ̀ lánàá. Mo rò pé kò ní í gbiná rárá ni.”

Bàbá Amoasi wo púlọ́ọ̀gì, ó wo ojú tó ń fò náà. “Nítorí kí ni?”

“Kó má baà lọ.”

Kò bi í ní nǹkan míràn. Ó yí ayò dànù bó ṣe ń dìde, ó ń pariwo orúkọ àwọn ọkùnrin: kí wọ́n gbé epo wá, kí ọkọ̀ méjì bọ́ sómi báyìí, kí wọ́n kọrí sí ọ̀nà Biriwa àti Anomabo, kí wọ́n wò jìnnà. Ìyàwó Ato ti fò mọ́ Ekua, ó di ọrùn bùbá rẹ̀ mú.

“Ọkọ mi wà níbẹ̀! Ekua, ọkọ mi wà níbẹ̀!”

Ekua ò ja ọwọ́ náà kúrò. Àwọn kan ló wá fà wọ́n yà. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ méjèèjì fi máa kọjá àpáta, Maame Esuon ti sọ̀ kalẹ̀ wá láti ilé, wọ́n sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dúró níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn gbiná láàárọ̀, o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Màmá.”

“Ibo lo wà?”

“Ìdí ààrò.”

“O sì dákẹ́.”

“Mo dákẹ́, Màmá.”

Ìyá náà wò ó títí. Ó wá rí bí arúgbó tí Ekua kò mọ̀ rí. Ó yí padà, ó lọ jókòó láàárín àwọn ìyàwó atukọ̀.

Ọ̀rẹ́ Ekua kan fà á lápá, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí pé kó tètè wọkọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Abura, pé tí wọn ò bá rí àwọn ọkùnrin yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, apá ẹnì kankan ò ní í ká ohun tó máa ṣẹlẹ̀ létíkun yìí.

“Mo mọ̀,” ni Ekua wí.

Ó rìn lọ síwájú àtíbàbà náà, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, ó jókòó sórí iyanrìn, ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn.