Ìgbésẹ̀ Mélòó Sí Ojú Títì

4.

…mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló fèsì pé àwọn kì í rìn kọjá máìlì kan sí ojú títì. Ọdẹ ẹ́lìkì ni wọ́n, ní Amẹ́ríkà. Ẹ́lìkì ni àgbọ̀nrín ńlá kan tó ga ju ènìyàn lọ. Èmi Máyọ̀kún ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn, fún iṣẹ́ yunifásítì mi. Mo ka ìdáhùn wọn fún Dádì nínú ilé wa ní Eastbrook, nílùú Ọba.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

5.

Ohun tí mo gbà sórí fóònù:

DÁDÌ: Máìlì kan? Níbẹ̀ la ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so okùn bàtà.

ÈMI: Ẹ̀yin ńkọ́, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣọdẹ ní Ìkọ̀lé?

DÁDÌ: A ó rìn títí a ò fi ní gbọ́ ìró mọ́tò mọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá bẹ̀rẹ̀.

ÈMI: Máìlì mélòó nìyẹn?

DÁDÌ: Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. N kì í ṣe takisí.

6.

Ìkéde lára fìríìjì. Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíyẹmí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ ọ́:

DÁDÌ ÀTI MÁYỌ̀KÚN, Ẹ KÀ Á
— Iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó Dádì kò tíì pé oṣù mẹ́jọ.
— Dádì kò gbọdọ̀ dá jáde.
— Ọ̀rọ̀ àtilọ sí Ìkọ̀lé lóṣù Kejìlá: RÁRÁ.

Lábẹ́ rẹ̀, Dádì fi pẹ́ńsù kọ ọ́:

— Ìgbáròkó ta ni?

7.

Wọ́sáàpù. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀.

DÁDÌ: Ìbíyẹmí, bí mo bá rin máìlì kan kúrò lójú títì láìjókòó, ṣé mo lè lọ?

ÌBÍYẸMÍ: Dádì please

DÁDÌ: Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń ṣe é

ÌBÍYẸMÍ: Okay. Máìlì kan. Kí Máyọ̀kún tẹ̀ lé yín. Ẹ ò gbọdọ̀ jókòó o!!

8.

(Mo rò pé òjò rọ̀. Dádì ní kò rọ̀ rárá. Bàtà mi rin gbindin.)

9.

Eastbrookend Country Park, ọgbà ìgbafẹ́ onígbó nítòsí ilé wa. A kúrò lójú títì. Ìgbésẹ̀ tí fóònù mi kà:

100 — Dádì ń súfèé.

400 — ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi.

700 — ó ní kí n dákẹ́, òun ń gbọ́ ẹyẹ kan.

900 — bọ́ọ̀sì fọn fèrè níwájú wa.

10.

Ojú títì mìíràn.

11.

A yà sósì. Ojú títì. A yà sọ́tùn-ún. Ilé, ilé, ojú títì.

Dádì fọwọ́ lé ìbàdí. “Àwọn títì ìlú yìí ló ń ṣọdẹ ènìyàn.”

12.

ÈMI: Àǹtí mi, máìlì kan ò sí níbí o. Títì wà níwájú, ó wà lẹ́yìn; ibi tó jìnnà jù láàárín wọn kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbésẹ̀.

ÌBÍYẸMÍ: So Dádì ò yege nìyẹn

ÈMI: Wọ́n ti ń yí adágún inú ọgbà yìí po láti wákàtí kan. Wọn ò tíì jókòó.

ÌBÍYẸMÍ: WÁKÀTÍ KAN?? Mò ń bọ̀

13.

Dádì gbọ́ mọ́tò rẹ̀ kí n tó rí i. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó sì wọnú igbó lọ.

“Jẹ́ kó wá mi.”

Ìbíyẹmí dé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. “Dádì! Dádì o!” Ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mo ti gbọ́ ẹ látìgbà tó o ti ti ilẹ̀kùn mọ́tò,” ni Dádì wí lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Ìbíyẹmí fò sókè. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ jókòó, lórí ìtì igi tó wà níbẹ̀. Dádì dúró tì í.

14.

ÌBÍYẸMÍ: Ògúnṣọlá tẹ́ ẹ jọ ń ṣọdẹ, àgbà ti dé sóun náà. Ta ló máa bá yín rìn ní Ìkọ̀lé?

Dádì na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.