Fáànù Òkè Ilẹ̀kùn

Láti ìgbà tí Vendel ti ra fáànù ńlá yẹn ni àwọn tó ní àjà ilẹ̀ wáìnì nítòsí rẹ̀ kò ti gbádùn mọ́. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń lé èéfín jáde níbi tí wọ́n ti ń jó irin, ariwo rẹ̀ sì ń bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀. Vendel gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà àjà ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó ń pọn wáìnì sí, ó kọjú rẹ̀ sínú. Rọ́bà oníhò gbọọrọ tó bá a wá, tó yẹ kó wọ́ dé ìsàlẹ̀ àjà náà pátápátá, ó jù ú sẹ́yìn ilé.

“Atẹ́gùn ni mo rà,” ó wí fún Piroska ìyàwó rẹ̀, “mi ò ra ejò.”

Ní oṣù Kẹwàá, tí omi àjàrà bá ń hó nínú àgbá, gáàsì rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀, a sì máa dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìní àwọ̀, láìní òórùn, ẹni tó bá sì mí i sínú á kú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní abúlé náà. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń wọlé, wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á gbé e wálẹ̀ sí déédéé orúnkún. Bí iná rẹ̀ bá ti kú, onítọ̀hún á yí padà. Bí Vendel náà ti ń ṣe nìyẹn láti kékeré, àfi lọ́dún yìí tí fáànù dé, tó ní àbẹ́là ti di ti àwọn tí kò lówó iná.

Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, Piroska gbé búrẹ́dì tó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà sí lọ fún un. Fáànù ń pariwo. Ó pe ọkọ rẹ̀ títí, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó tan àbẹ́là orí igi, ó rọra tì í wọlé, iná náà kú kó tó kan àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Ó tún un tàn, ó tún kú.

Piroska mọ̀ pé gáàsì ti kún ìsàlẹ̀. Nínú irú àjà ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyá rẹ̀ ṣubú sí, tí ọmọ onítọ̀hún sáré wọlé láti fà á jáde, tó jẹ́ pé òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé jáde pọ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ wọlé. Ó figbe ta.

Ambrus, ọ̀dọ́kùnrin tó ni àjà ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, sáré dé. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Piroska, ó gbé ẹ̀fẹ̀ mì.

“Àǹtí Piri, ẹ má wọlé o! Ẹ jọ̀ọ́!”

“Vendel wà níbẹ̀! Ọkọ mi wà níbẹ̀!”

“Ẹ jẹ́ n pa ariwo yìí ná, bóyá a máa gbọ́ ohùn wọn.”

Ó pa fáànù. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ni ohùn kan bá bú jáde láti inú òkùnkùn.

“Wèrè wo ló pa fáànù mi? Ẹ tàn án! Ẹ tètè tàn án!”

Ambrus sáré tàn án padà. Piroska ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe.

“Òkè ni ohùn yẹn ti wá,” Ambrus wí. “Orí àgbá ńlá ni wọ́n wà. Gáàsì ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.”

Ó sáré lọ yí fáànù tó wà ní àjà ilẹ̀ tirẹ̀ wá, tòun ti rọ́bà lẹ́yìn. Ó ju ẹnu rọ́bà sísàlẹ̀, ó kọjú ẹ̀rọ sí ìta, ó ní kó máa fa gáàsì jáde. Piroska ń ti àbẹ́là wọlé, iná rẹ̀ ń kú, ó ń tún un tàn. Nígbà tó yá, iná náà dúró lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, kò kú mọ́. Ambrus so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó fi àbẹ́là ṣáájú, ó sì mú Vendel jáde. Jàǹkàríwọ̀ bò ó lórí, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n fún omi àjàrà.

Gẹ́gẹ́ bí Vendel ṣe ròyìn, ó gun àkàbà lọ sórí àgbá láti ro omi àjàrà ni. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òyì kọ́ ọ, ló bá rá padà sókè, ó sùn dọ̀bálẹ̀ lórí àgbá, ó gbé imú sí atẹ́gùn fáànù. Ó kígbe títí ohùn fi há, ariwo fáànù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

“Ṣé ẹ rí i báyìí?” ó ní. “Fáànù mi ló yọ mí.”

“Òun náà ló fẹ́ sin yín, Bọ̀ọ̀dá!” Ambrus wí.

Piroska ti to èébú sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn jókòó sórí koríko ni. Vendel jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: àgbá le, ẹ̀yìn ń dùn ún, ta ni yóò wá ro omi àjàrà tó kù? Ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò bá mi jà?”

“Máa sọ̀rọ̀ lọ, jàre,” ni Piroska wí. “Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn ẹ.”

Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń lẹ̀ fún omi àjàrà mú. Vendel wú ikọ́, ó sì tún ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti gun àkàbà.