Akínfẹnwá Padà Wá Wo Òdòdó Àpáta Rẹ̀

Inú yàrá wa ni mo wà, ṣùgbọ́n ògiri tí bẹ́ẹ̀dì wa fẹ̀yìn tì ti di àpáta. Àpáta dúdú ni, ó ga débi pé mi ò rí àjà mọ́, omi sì ń sun lára rẹ̀ láìdún. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ojú ọjọ́ dà bí ìgbà tí òjò ti ṣú tí kò fẹ́ rọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn ń ronú pé àwọn aṣọ tí mo kó sórí àga á tutù.

Ìgbà náà ni mo rí ọkọ mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó wọ dàńṣíkí tó máa ń wọ̀ lọ sóko. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó di òdòdó rẹ̀ mọ́ wà níwájú rẹ̀. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí wọn wò, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nígbà tó wà láyé.

Akínfẹnwá ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè, níbi tí òkè òkúta ti yí wa ká. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tó máa ń hù lára àpáta láìsí iyẹ̀pẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó kéré. Ìdí rẹ̀ wú bí ẹ̀pà, ewé rẹ̀ kì í ju méjì mẹ́ta lọ, òdòdó rẹ̀ funfun, kò tóbi ju èékánná ọmọdé. Nígbà tí àwọn tó ń fọ́ òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù fọ́ òkè kan nítòsí wa, ọkọ mi máa ń lọ ṣa àwọn òdòdó náà láàárín àfọ́kù. Á fi okùn tín-ín-rín dì wọ́n mọ́ òkúta mìíràn lẹ́yìn ilé ìdáná, títí gbòǹgbò wọn á fi di òkúta náà mú. Tí wọ́n bá wá lágbára, á kó wọn gun òkè tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, á fi wọ́n síbẹ̀.

Orí òkè yẹn ló ti ṣubú. Òjò ti rọ̀, àpáta ń yọ̀. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n ti fi aṣọ wé e láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí i kí n rí i. Àbúrò rẹ̀ dì mí mú, ó ní, “Ìyá Fọláyọ̀, ẹ má wò ó. Ẹ jẹ́ ká máa rántí wọn bí wọ́n ṣe wà.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín tí mi ò rí ojú rẹ̀.

Mi ò sunkún. Mo ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mi ò jẹ́ kí Fọláyọ̀, ọmọ wa, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó wá ń gbé pẹ̀lú mi, ó ń wò mí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé àwọn òdòdó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n ń já. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ kú kí bàbá tó dé. Mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, mo ń bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́, mo fi aṣọ bò wọ́n kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ lù wọ́n. Síbẹ̀ ìdí wọn ń dúdú, wọ́n sì ń rùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo bomi rin wọ́n tán, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Nínú àlá náà, agolo omi wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, “Bàbá Fọláyọ̀, ẹ ti dé.”

“Mo wá wo nǹkan wọ̀nyí ni,” ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Kò yíjú.

“Mo ń tọ́jú wọn. Ẹ wò ó, omi ni mo tún gbé wá yìí.”

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gba agolo náà, ó gbé e síbi tí ọwọ́ mi ò tó. “Omi yìí ti pọ̀ jù, Àwẹ̀ró.”

Nínú gbogbo abúlé, òun nìkan ló ń fi oríkì pè mí.

Ó tú okùn lára ọ̀kan, ó tẹ ìdí rẹ̀, omi dúdú jáde. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú òmíràn, bákan náà. Kò bínú, kò sì kánjú. Òkìtì àwọn tó ti jẹrà ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dúró, mo ń wò ó, ojú ń tì mí bí ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ kú sí lọ́wọ́. Nígbà tó kan ọ̀kan tí kò ní ewé kankan mọ́, tó rí bí egungun ẹyẹ, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó wá rọra fi okùn tuntun dì í mọ́ òkúta.

Mo ní, “Ìyẹn náà ti kú.”

“Rárá. Ó ń sùn ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọyẹ́ bá dé. Fi í sílẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, á jí.”

Inú mi dùn lójijì. Mo sún mọ́ ọn. “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Oorun lẹ ń sùn, àbí? Mo mọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún Fọláyọ̀.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ó yíjú sí mi, ìgbà yẹn ni mo sì rí ohun tí wọ́n fi aṣọ wé. Mi ò ní í sọ bó ṣe rí. Ojú kan ṣoṣo ló kù tí mo dá mọ̀, ojú náà sì ń wò mí tàánútàánú.

“Oorun kọ́,” ó ní. “Èmi ti kú, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ, nígbà náà.”

Mo di dàńṣíkí rẹ̀ mú. Ó tutù, ó wúwo bí aṣọ tí òjò pa. Ó ń tú ìka mi kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń tú gbòǹgbò kúrò lára àfọ́kù òkúta kó má bàa já.

“Má tẹ̀lé mi,” ó ní.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan àpáta, ó ń gùn ún lọ, títí mi ò fi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo jí. Oòrùn wà lójú fèrèsé, ògiri sì jẹ́ ògiri. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ṣí aṣọ kúrò lórí àwọn òdòdó náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdí wọn wò. Wọ́n ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹyọ kan ló le. Mo gbé e síbi tó gbẹ, mo kó àwọn yòókù dànù, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fọláyọ̀ jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún àwo tó ń fọ̀. “Màmi, kí ló dé?”

Mo ní, “Bàbá rẹ ti kú.”

Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó sì gbá mi mọ́ra. “Ẹ̀n, Màmi,” ó ní. “Wọ́n ti kú.”

Igbe tó jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Fọláyọ̀ ló dá wọn lóhùn. Ó ní bàbá òun ni.