Ìwọ̀n Ìyá Aránṣọ

Fún ìgbà kẹta, mọ́tò náà tún pe Ìyá Aránṣọ ní òpùrọ́. Kò pè é bẹ́ẹ̀ ní tààrà o. Iná pupa ló tàn lójú ẹ̀rọ, ohùn pẹ̀lẹ́ kan sì wí pé, "Ìwọ̀n tí ẹ sọ àti ìwọ̀n tó wà lórí ìjókòó kò bára mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Gbogbo aládùúgbò tó dúró yí àgbàlá ká ló mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó yẹ kí wọ́n kọ́ mọ́tò yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé," Ìyá Aránṣọ wí. Ó jókòó ṣinṣin, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo iwájú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀, àbígbẹ̀yìn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kékeré. Òun ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú tó wà lódìkejì òkè ti gbà á síṣẹ́, kó máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ṣe. Ọ̀nà tó yí òkè náà po jìn. Ẹni tó bá ń gbà á lọ, tó ń gbà á bọ̀ lójoojúmọ́, orí ọ̀nà ló ń gbé, kì í ṣe ilé. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń fò lófuurufú yìí, tí ilé ìwòsàn fẹ́ yá a, á ti fo òkè kọjá kí omi tó hó lórí iná. Bí ìjọba bá fọwọ́ sí i, nílé ni Kékeré á máa sùn. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, á kó ẹrù rẹ̀, á lọ gba yàrá lọ́hùn-ún, yóò wá ku Ìyá Aránṣọ nìkan. Ó ti bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kí wọ́n jọ kó lọ. Èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Iṣẹ́ mi wà níbí." Iṣẹ́ wo? Ṣé maṣíìnì ò ṣe é gbé ni?

Òfin kan ló kó wọn jọ láàárọ̀ yìí: ẹni tó ni ilẹ̀ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti máa gbéra gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, kí wọ́n má baà gbé ariwo àti atẹ́gùn ká ẹni ẹlẹ́ni mọ́lé. Ìyá Aránṣọ ló ni àgbàlá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú okùn tí òun fi ń sá aṣọ, kí wọ́n sì gbálẹ̀, kí fáànù ọkọ̀ má fọ́n yanrìn sójú aládùúgbò.

"Ẹ má bínú, mà," alábòójútó tí ìjọba rán wá wí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, oòrùn kọ́ ló sì fà á. "Iye kílò tí ẹ sọ yẹn... ṣé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti wọ̀n ọ́n ni?"

"Àárọ̀ yìí ni. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n mí ló dúró lẹ́yìn yín yẹn."

"Òótọ́ ni!" nọ́ọ̀sì náà ké. "Ojú mi báyìí ló ṣe!"

Kékeré gba báàgì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níta. Iná ṣì pupa. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

"Màámi, bí ẹ ò bá fẹ́ kí n máa lọ kí n máa bọ̀, ẹ kúkú sọ."

"Èmi? Èmi tí mo tú okùn aṣọ mi?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kékeré wo ìyá rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fáànù ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Gèlè ń mì lórí àwọn èrò, fìlà alábòójútó fẹ́ máa lọ. Gáùn Ìyá Aránṣọ nìkan ni kò mira. Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí rẹ̀. Ó le gbagidi.

"Kí lẹ rán síbí?"

Ìyá Aránṣọ wo alábòójútó, ó wo èrò, ó wá sọ̀rọ̀ sí Kékeré létí. "Irin tí mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí mo bá ń gé e ni. Wọ́n ní atẹ́gùn ọkọ̀ yìí lágbára. Ṣé kí n wà lókè, kí gbogbo àdúgbò máa wo abẹ́ mi?"

Ẹ̀rín pa Kékeré débi pé ó di sítíárì mú. "Màámi, ọkọ̀ yìí nílẹ̀kùn! A máa tì í pa!"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí!"

Aránṣọ kì í rìn láìmú sísọ́ọ̀sì. Ìyá fúnra rẹ̀ ló tú ìṣẹ́tí náà, tí irin ń já sínú fìlà alábòójútó, ẹni tó gbójú sókè tó ń wo òfuurufú bí ọmọlúwàbí. Nígbà tí iná wá di àwọ̀ ewé, èrò pariwo bíi pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé.

Ọkọ̀ gbéra. Ìyá Aránṣọ dijú, ó ké pe Ọlọ́run. Ó la ojú kan. Ó la èkejì.

"Kékeré! Àwọn ọmọ iléèwé rèé! Èmi ni mo rán aṣọ wọn!"

Àwọn ọmọ náà kéré nísàlẹ̀, wọ́n ń sáré kiri lórí pápá nínú aṣọ aláwọ̀ eérú. Ojú Ìyá ti kúrò lára wọn. Ó ń nawọ́ síhìn-ín, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún: kọ́tìnì yẹ́lò ilé oníbúrẹ́dì, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì lórí okùn, gáùn pupa kan tó ń lọ ní títì. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ìyẹn. Ọmọ yẹn ò yé sanra!" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tuntun. Kò sí òpópónà kan tí kò ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n fo òkè. Ìlú ńlá náà tẹ́ sílẹ̀ lódìkejì, ó ń dán. Ìyá Aránṣọ wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ ọlọ́mọ: ó yìn ín, kò ní kí wọ́n gbé e fún òun.

"Ó dára," ó wí. "Ìlú ńlá ni."

Kékeré ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ibí gan-an: bí ìyá bá ti lè wo ìlú yìí láti òkè, á gbà láti kó wá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Kékeré tiẹ̀ ti kọjá orí igi dáadáa kí ojú rẹ̀ tó là.

Nígbà tí wọ́n padà balẹ̀, alábòójútó bèèrè bóyá wọ́n gbà.

"Mo gbà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá sá aṣọ funfun, kó rọra balẹ̀ o."

Èrò tú ká tẹ̀ríntẹ̀rín. Iṣẹ́ ń dúró de Kékeré, ó ní láti tètè padà sókè. Ó rò pé ó yẹ kí òun sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀ kí òun tó lọ, nǹkan tó tóbi, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Màámi, kí la máa jẹ lálẹ́?"

Ìyá Aránṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Bó o bá dé, o ó rí i."