Omi, Kì Í Ṣe Sódà

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ ìpẹtà kúrò lára irin, obìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Apásíìdì. Òun ló ń tọ́jú táǹkì ńlá tí omi ásíìdì ń ṣàn sí. Á máa da omi sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sí i díẹ̀díẹ̀, á máa ki bébà tó ń pupa bí ásíìdì bá pọ̀, tó ń di aró bí sódà bá pọ̀, bọ̀ ọ́ wò, títí bébà náà ò fi ní pupa mọ́, tí kò sì ní di aró. Nígbà yẹn, ásíìdì àti sódà ti pa ara wọn, ó ku omi àti iyọ̀, wọ́n sì lè ṣí i sódò láìpa ẹja kankan. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ká sòótọ́, ó máa ń ṣe fọ́ńté lórí ẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí awò ojú rẹ̀ sókè kó lè rí bébà dáadáa. Bí ọ̀pá kan tí ásíìdì ń gbà ṣe bẹ́ nìyẹn, ásíìdì fọ́n sí i lójú ọ̀tún.

Nínú ìrora yẹn, ohun kan ṣoṣo ló rántí: sódà ló ń pa ásíìdì. Ó na ọwọ́ sí ike sódà, ó fẹ́ bù ú sójú.

Ìyá agbálẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, tó ń nu ilẹ̀ nítòsí, sáré dé, ó gbá ike náà dànù.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, màmá! Òun ló máa pa á!"

"Á pa á, á sì se ojú ẹ mọ́ ọn! Ṣé kì í gbóná nínú táǹkì tí wọ́n bá pàdé ni? Omi! Ìwọ náà lo fẹnu ara ẹ kọ́ wa!"

Ó wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó di orí rẹ̀ mú sábẹ́ ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, bó ti ń jà tó ń ké.

Dókítà ní ká ní sódà kan ojú yẹn ni, ó ti fọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dì í, tí Apásíìdì ò mọ̀ bóyá òun á tún fi ríran.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u, ilé iṣẹ́ ló gbà lọ tààrà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá agbálẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ẹ ṣé, màmá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì Apásíìdì, ó wá na ìka sókè.

"Mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta, màmá."

Ìyá agbálẹ̀ mí kanlẹ̀, òun náà sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà. "Ọpẹ́ o," ló ń wí. "Ọpẹ́ o jàre."