Igbe Kan Láàárín Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Bí Idella bá sọ fún yín pé eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí rédíò kì í dẹ́rù ba òun, irọ́ ló ń pa. Ìdí tó fi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyẹn. Opó tó ń dá gbé oko ní Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò rẹ́ni bá jà, ẹ dákun, ṣé kò yẹ kí àyà ẹ̀ já díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Bátìrì rédíò tirẹ̀ ti kú látìgbà ìkórè ọdún tí ogun parí. Verna ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Verna á sún rédíò tiẹ̀ mọ́ ẹnu tẹlifóònù ara ògiri, á wá fi ibi tí wọ́n ń gbé sétí sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro. Ilé mẹ́rin ló ń lo wáyà kan náà, gbogbo wọn á sì máa gbọ́ eré lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí eré á fi parí.

Lọ́jọ́ náà, apànìyàn inú eré ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ni nǹkan ṣubú gbì. Obìnrin kan ké, ó sì ń kérora.

"Ẹ gbọ́ yẹn?" Orrin, ọ̀dọ́mọkùnrin ilé kejì, ló sọ̀rọ̀ lórí wáyà. "Kò jọ ti eré létí mi."

"Panu mọ́ jàre," ni Idella wí. "Obìnrin yẹn mọ eré ṣe. Jẹ́ ká gbádùn ẹ̀."

Orrin dákẹ́. Ọwọ́ tẹ apànìyàn, eré parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ. Ìkérora náà ò dáwọ́ dúró.

"Verna?" ni Idella pè. Kò sí èsì. "Orrin, ilé Verna ni. Ẹnì kan ti wọlé tọ̀ ọ́."

"Mo ti ń wọ bàtà, Màmá."

Idella mú irin ìkoná, ó bọ́ sọ́nà. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù aládùn ti rédíò. Gbogbo òpó ọgbà ló dà bí ọkùnrin tó lóṣòó. Ó fẹ́ padà sílé, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n kò padà.

Nígbà tó dé ilé Verna, kò sí apànìyàn kankan. Orí àga ni Verna gùn láti mú ìgò kan lókè, àga sì yẹ̀. Itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Ilẹ̀ ló wà, ibi tí wọ́n ń gbé sétí lára tẹlifóònù ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Orrin dé, ó sì fi tẹlifóònù náà pe dókítà.

Idella kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Verna gbójú sókè wò ó. "Mo rò pé mo máa kú. Mi ò lè pariwo mọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ yín. Mo gbọ́ Orrin, mo ní ọpẹ́ o, wọ́n ti gbọ́ mi." Ó mí kanlẹ̀. "Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tìẹ."