Ogójì Ọjọ́ tí Ibùdókọ̀ Kú

Láti ìgbà tí Tíṣà Zdravka ti fẹ̀yìn tì, kò sí ìrẹ́jẹ kan ní abúlé wọn tí kì í kọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀sì yìí ká a lára gidi. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dúró mọ́ ní ìsàlẹ̀ abúlé, níbi tí àwọn Rómà, ẹ̀yà kékeré tí ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ń gbé. Òfin ìkà wo nìyẹn? Sevda, ọ̀rẹ́ Tíṣà, tó ń fọ aṣọ ní ọsibítù ìlú, wá ń fẹsẹ̀ gun òkè láràárọ̀ kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Tíṣà ronú títí, ló bá kọ ìkéde òkú, ó fa ìlà dúdú yí i ká, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo òpó: “Ó pé ogójì ọjọ́ tí ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀ ti kú. Ẹ wá ṣèrántí rẹ̀ lọ́la, aago mẹ́fà àárọ̀.”

Ní Bùlgéríà, ta ni yóò gbọ́ ogójì ọjọ́ òkú tí yóò jókòó sílé? Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, èèyàn méjìlá, Rómà àti ẹni tí kì í ṣe Rómà, ti dúró létí títì nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú àbẹ́là àti àlìkámà bíbọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sí.

Bọ́ọ̀sì yọ. Metodi awakọ̀ rí àwọn ọlọ́fọ̀, ó tẹ búréèkì, ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣí fìlà. Tíṣà gbé ife àlìkámà kan fún un. Oúnjẹ òkú, wọn kì í kọ̀ ọ́.

“Kí Ọlọ́run forí jì í,” Metodi ní, ó ń jẹ ẹ́ lọ. “Tíṣà, ta ló kú?”

“Ibi tó o dúró sí yìí ni.”

Metodi wo ìkéde ara òpó, ó kà á tán, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀yin màmá yìí náà. Ọ̀gá mi á bínú o.”

“Sọ fún un pé ọlọ́fọ̀ lo rí lọ́nà. Ṣé irọ́ lo pa?”

Kó tó fèsì, Sevda ti wọlé, ó ti jókòó.

“Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ ṣèrántí?” Metodi bi Tíṣà.

“Lọ́la.”

“Ọ̀túnla ńkọ́?”

“Òkú yìí lẹ́bí púpọ̀, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni.”

Metodi lá ṣíbí rẹ̀ mọ́ tónítóní. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ kéré. Ẹ fi kún un lọ́la.”

Inú Tíṣà dùn ṣìnkìn. Lọ́jọ́ náà, Sevda ti wà nídìí aṣọ fífọ̀ kí aago méje tó lù.